Baba Àgbà Wa, àti Ọ̀gá Ọkọ̀ tí ó gbà á lójú òkun

Ọ̀rọ̀ ìrántí tí a sọ níwájú ìjọ ní ìlú Ọ̀yọ́, ní àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún

  

Iṣẹ́ tí a rán wa lónìí ni pé kí a sọ̀rọ̀ nípa baba àgbà kan tí a fẹ́ràn, kí a sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ ogun ojú omi. A mọ̀ pé yóò ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ọ̀yọ́ kò ní òkun, Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ọ̀sà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa, ẹṣin ni àwọn baba wa fi ń jagun, wọn kò fi ọkọ̀ jagun. Kí ni ó wá kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun tí àwọn àgbà ń pè ní mánúwà? Ẹ fi sùúrù gbọ́ wa. Bí kì í bá ṣe ti ọkọ̀ ogun kan tí ó wà ní ojú òkun Èkó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bíbélì tí a kà sí etígbọ̀ọ́ yín ní òwúrọ̀ yìí ì bá má rí bí ó ti rí.

Baba àgbà tí a ń wí ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Baba àgbà nípa ti ara ni ó jẹ́ fún àwọn kan: Herbert Macaulay, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, ọmọ Abigail ni, Abigail sì jẹ́ ọmọbìnrin Crowther. Ṣùgbọ́n nípa ti ìgbàgbọ́, baba àgbà gbogbo wa ni. Nítorí náà ni a ṣe fi ẹnu ọmọ-ọmọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, pẹ̀lú ìfẹ́, àti pẹ̀lú òtítọ́.

Ọmọ Òṣogùn ni, ní apá Ìsẹ́yìn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà. Ní 1821 ayé Ọ̀yọ́ ti dàrú. Ìlú Ọ̀yọ́ tí a jókòó sí yìí kò tíì jẹ́ ibùjókòó Aláàfin. Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà níbẹ̀ ní apá àríwá, ó kù bí ọdún mẹ́rìndínlógún kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Ogun ń kó ìlú lọ bí ẹ̀kún omi ti ń kó èpò. Àwọn ìlú tí ó tú ká ń sá lọ sí ibi tí wọ́n bá ti rí ààbò, Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára àwọn ìlú tí ogun kò lè fọ́, tí ó gba àwọn ìsáǹsá mọ́ra. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ agboolé yín ni ó mọ̀ pé àlejò ogun ni baba wọn jẹ́. Ẹ má ṣe tijú ìtàn náà. Ògo ni fún ìlú tí ó ṣí ìlẹ̀kùn.

Àwọn ará Òṣogùn kò rí ìlẹ̀kùn tí ó ṣí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ wà lórí iná, ogun dé. Fúlàní wà nínú ogun náà. Ṣùgbọ́n Baba wa kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra wọn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe àlejò nìkan ni ó kó wa. Ọwọ́ wa pẹ̀lú wà níbẹ̀. Baba Àjàyí sáré wálé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà lọ sí ojú ìjà. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tún fi ojú kàn án mọ́. Ọmọdékùnrin náà mú ọrun àti apó, ṣùgbọ́n kí ni ọrun ọmọdé yóò ṣe? A fi okùn so wọ́n ní ọrùn, òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀, àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọwọ́, a sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Ní Ìsẹ́yìn ni a ti pín wọn, tí a fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn, ó dá a padà, ó sì gba ọmọ náà padà. Bẹ́ẹ̀ ni a ń díye lé ọmọ ènìyàn nígbà náà.

A tà á, a tún un tà. Ìgbà kan wà nínú ìrìn náà tí ó rò láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù kí a má baà tà á fún àwọn aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ gbé e. Níkẹyìn ó dé Èkó. Níbẹ̀ àwọn oníṣòwò Pọtogí rà á, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so òun àti àwọn ọmọdékùnrin mìíràn pọ̀ mọ́ àwọn àgbà, wọ́n sì kó wọn sínú ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Esperanza Felix. Ẹrú 187 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yin ará, ní ọjọ́ keje oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon àti Iphigenia, lé ọkọ̀ náà bá, wọ́n sì mú un. Ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon ni Henry John Leeke, ẹni tí ó ti wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun láti ìgbà èwe rẹ̀. Òun ni ajagun ojú omi tí a fẹ́ rántí pọ̀ mọ́ baba àgbà wa.

Ẹ má ṣe rò pé orin ayọ̀ ni àwọn ọmọ náà kọ nígbà tí ìdáǹdè dé. Ẹ̀rù ni ó bà wọ́n. Àwọn olùgbàlà wọn mú idà gígùn lọ́wọ́, wọ́n sì rò pé ogun mìíràn ni ó tún kó wọn. Nígbà tí a gbé Àjàyí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sínú Myrmidon, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí òkìtì ọta àgbá, wọ́n rò pé orí ènìyàn ni a tò jọ síbẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n wò ó fínnífínní, kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé a ti de oníṣòwò tí ó rà wọ́n, àyà kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ó sì lù ú ní orí. Nígbà tí Àjàyí dàgbà tí ó sì di onígbàgbọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìwà náà burú. Ẹ wo irú ọkàn tí ó wà nínú ẹni tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tí ó fi ẹ̀wọ̀n sí i ní ọrùn.

Ó yẹ kí a bèèrè ohun tí àwọn ọkọ̀ ogun wọ̀nyí ń wá ní etí òkun wa, nítorí ọ̀rọ̀ tí a kò wádìí kì í pẹ́ di irọ́. Ní 1807 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ tiwọn gan-an ti kó ẹrú láti etí òkun yìí lọ sí òkè òkun, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye. Láti 1808 ni wọ́n fi àwọn ọkọ̀ ogun ṣọ́ ojú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún tí iṣẹ́ náà fi wà, wọ́n mú ọkọ̀ ẹrú bí 1,600, wọ́n sì dá ènìyàn bí 150,000 sílẹ̀. Èyí pọ̀, ṣùgbọ́n ìba díẹ̀ ni lára àwọn tí a kó lọ. Ibà pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà, òkun sì ni ibojì wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aláwọ̀ funfun nìkan ni ó wà nínú àwọn ọkọ̀ náà: àwọn ará Kru, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà bí tiwa, ń wa ọkọ̀, wọ́n ń tu àjẹ̀, wọ́n sì ń gbé ẹrù nínú wọn. A dúpẹ́ oore. A kò sì gbàgbé ẹni tí ó kọ́kọ́ dá egbò tí ó wá fi oògùn sí.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù June 1822, ọmọ Òṣogùn náà gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró. Ó kọ́ ìwé. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ó wà nínú àwọn àkọ́kọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Ó fẹ́ Asano, tí a mọ̀ sí Susan, ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun gbà bákan náà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Nítorí náà ilé tí a bí àwọn ọmọ wọn sí jẹ́ ilé àwọn méjì tí a fà yọ nínú omi, gẹ́gẹ́ bí a ti fà Mósè yọ. Ní 1843 a fi í jẹ oyè àlùfáà ní London. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni ó sì tún ti fi ojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá àti ọmọ wo ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ní 1848 a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì pè é ní Hannah.

Ẹ kíyèsí i pé baba wa kò fi ojú òkun sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ funfun. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó lò nínú ọkọ̀, láàrin àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ní 1841 ó bá ọkọ̀ mẹ́ta tí Kápútẹ́ẹ̀nì Trotter jẹ́ olórí wọn gòkè odò Ọya lọ. Òyìnbó 145 ni ó wà nínú ìrìn náà. Èyí tí ó lé ní ogójì nínú wọn ni ibà pa. Ní 1854 ó tún lọ nínú ọkọ̀ Pleiad pẹ̀lú Dókítà Baikie, oníṣègùn ọkọ̀ ogun, ẹni tí ó fi kúnínì fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹnì kan kò kú nínú wọn. Ní 1857 ó bá ọkọ̀ Dayspring lọ, ó sì dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ ní Onitsha. Ọkọ̀ náà fọ́ nítòsí Jẹ́bà ní ọdún kan náà. Ará ọkọ̀ ni baba wa nípa ti ìrìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìwé Mímọ́ ni idà tirẹ̀.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ó le, a kò sì ní fo ó. Ní 1851 Crowther wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí Lord Palmerston, ó rí Ọbabìnrin Victoria, ó sì ro ẹjọ́ ilẹ̀ wa, pé kí a fi òpin sí òwò ẹrú ní Èkó. Ní oṣù December ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá sí Èkó. Iná jó ilé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, Ọba Kòsọ́kọ́ sá, Akíntóyè sì padà sórí ìtẹ́. Òwò ẹrú Èkó wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1861 Èkó fúnra rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ kan náà tí ó já ẹ̀wọ̀n Àjàyí ni ó ti iná bọ ilé àwọn ẹlòmíràn. Àwọn tí ó ní ìbátan ní Èkó mọ ohun tí a ń wí. Ọmọ tí ó fẹ́ràn baba àgbà rẹ̀ kì í bẹ̀rù láti sọ gbogbo ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a pa ìdajì mọ́ ni kò fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Canterbury. Ní ọjọ́ Pétérù Mímọ́, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù June 1864, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kún inú ilé Ọlọ́run àtijọ́ náà láti rí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a ó yà sí mímọ́ láti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn tí ó wá ni àgbà ajagun ojú omi kan, Admiral Sir Henry Leeke. Lẹ́yìn ọjọ́ Èkó, ó ti rin òkun púpọ̀. Ó ti ṣe olórí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Íńdíà, ó ti jagun ní etí òkun Páṣíà ní 1856, ó sì ti di aṣojú ìlú Dover ní ilé ìgbìmọ̀ ìjọba. Ọdún méjìlélógójì ti kọjá. Nínú ẹrú 187 tí ó wà nínú ọkọ̀ Pọtogí, ọ̀kan ni ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Longley gbé ọwọ́ lé ní orí.

Bákan náà ni ìyàwó olóògbé Bíṣọ́ọ̀bù Weeks wà níbẹ̀, obìnrin tí ó ti kọ́ ọmọ náà ní a-b-d ní Sàró. Ẹ wo àwọn ẹlẹ́rìí méjì: ọkùnrin tí ó fà á yọ nínú omi, àti obìnrin tí ó fi lẹ́tà hàn án. Àwọn méjèèjì kò ṣe ju iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, olùkọ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹnì kan nínú wọn kò mọ̀ pé Bíbélì Yorùbá ni òun gbé lọ́wọ́. Èyí ni ọ̀rọ̀ wa gan-an lónìí: oore tí a ṣe ní ọjọ́ iṣẹ́, a kì í mọ ibi tí yóò dé. Ní oṣù November ọdún náà gan-an ni a bí Herbert Macaulay ní Èkó, tí Bíṣọ́ọ̀bù tuntun sì di baba àgbà rẹ̀.

Leeke kú ní 1870. Odindi Bíbélì Yorùbá, tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lé lórí, parí ní 1884. Ọ̀gá ọkọ̀ náà kò rí i. Ìrọ̀lẹ́ baba àgbà wa kò sì dùn tó òwúrọ̀ rẹ̀. Ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan nínú iṣẹ́ odò Ọya tàbùkù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dójú ti àgbà tí ó ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó dákẹ́ ní Èkó, ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. A kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Ẹni tí àlejò gbà là, àlejò náà ni ó tún bà á nínú jẹ́. Síbẹ̀ kò kọ Olúwa rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ibo ni a wà nínú ìtàn yìí? Ìsẹ́yìn, níbi tí a ti fi Àjàyí gba ẹṣin, ni ibùjókòó dáyósíìsì tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lónìí. Ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín, níbi tí Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn tí ó sì ti parí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew sílẹ̀ ní 1896; lórí ilẹ̀ kan náà ni yunifásítì Ajayi Crowther wà láti 2005. Ilẹ̀ tí ó tà á ni ó fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́. Ìyanu Olúwa ni, ìbáwí ni pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe mọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ tí ó wà lórí iná, àti ọta àgbá tí àwọn ọmọ rò pé orí ènìyàn ni? Nítorí pé ní 1837 àwọn alàgbà iṣẹ́ ní kí Crowther kọ ìtàn ara rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan. Àwọn tí ó kù nínú àwọn 187 náà, mélòó ni a mọ ìtàn wọn? Ẹnì kan kò bi wọ́n. Wọ́n kú, ọ̀rọ̀ wọn sì bá wọn wọ ilẹ̀.

Nínú àwọn ìjókòó ìjọ wa gbogbo, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àgbà wà tí ó ti sin ilẹ̀ yìí ní orí ilẹ̀ àti ní ojú omi. Ní 1956 ni a dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1964 Joseph Wey, tí ó ti wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ìjọba láti 1939, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tí ó fi orúkọ sílẹ̀ ní àwọn ọdún wọnnì ti di baba àgbà. Ẹni tí ó wọlé ní ọmọ ogún ọdún ní 1956 kò jìnnà sí àádọ́rùn-ún mọ́. Wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn ìjọ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, a ń kí wọn pé, Baba, ẹ kú àárọ̀, a sì ń kọjá lọ.

Nítorí náà ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni a ní. Kí ìjọ yìí ra ìwé ńlá kan, kí a fi í pamọ́ sí yàrá àlùfáà pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ ìwé kọ dáadáa máa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, kí wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n bèèrè: Baba, níbo ni a bí yín? Ta ni ó kọ́ yín ní ìwé? Ní ọjọ́ wo ni ẹ̀rù bà yín jù? Ta ni ó ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ kò rí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, dídùn rẹ̀ àti kíkorò rẹ̀. Owó ìwé náà kò tó owó àsè kan. Nígbà tí àwọn tí a kò tíì bí bá ń ṣe àjọ̀dún igba ọdún, wọn yóò ní ohun tí wọn yóò kà.

Àwọn baba wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dàbí ọlọ́ṣà tí ó kó ni lẹ́rù lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọmọ Òṣogùn. A dúpẹ́ fún Leeke, àti fún àwọn ará Kru tí a kò mọ orúkọ wọn, àti fún gbogbo àwọn tí òkun gbé mì nínú iṣẹ́ ìdáǹdè náà. A rántí àwọn tí ọkọ̀ kan kò lé bá, tí wọ́n lọ tí wọn kò padà. Kí Olúwa tí ó ni òkun àti ìyàngbẹ ilẹ̀ pa ìrántí wọn mọ́, kí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ òòjọ́ tiwa náà di ìgbàlà fún ẹnì kan tí a kò ní mọ̀ láyé.

Àmín.